Ọsàn fún Ginipíìgì

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kì í fẹnu kan ọsàn láìkọ́kọ́ gé nínú rẹ̀ fún àwọn ginipíìgì rẹ̀, ẹran kéékèèké onírun tí kò nírù, lẹ́yìnkùlé wọn ní Ekenwan Road. Bí òjò bá pa koríko wọn, á sá a gbẹ, kí inú wọn má baà wú. Á ní, “Ẹran ò lẹ́nu tó máa fi bẹ̀bẹ̀.”

Èmi nìkan ló sọ ìdí rẹ̀ fún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ni ginipíìgì àkọ́kọ́. Nígbà tí ọmọ náà wà nílé ìwé tí wọ́n ń gbé, èèrí ọkà gbígbẹ nìkan ni ìyá fi ń bọ́ ẹran náà bí adìẹ, kò mọ̀ pé ginipíìgì kò lè yè láìjẹ ewé tútù tàbí èso, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi rọ, tó sì kú. Ó wá parọ́ fọ́mọ lọ́jọ́ ìbẹ̀wò pé ẹran náà sá lọ ni.

Ọmọ ní, “Mọ́mì, no lock the cage o. E go come back.” Nígbà tó wálé fún ìsinmi, ó fi ọsàn tirẹ̀ sínú àgò òfìfo náà. Láàárọ̀, ìyá gbá àgò náà pẹ̀lú ti àwọn adìẹ rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó kó àṣẹ́kù dànù, ó sì kó ọsàn náà mọ́ ọn láìfiyèsí.

Nígbà tí ọmọ dé ìdí àgò tí kò rí ọsàn náà mọ́, ó kígbe pé, “Mọ́mì! E don come chop!”

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ò lè gbójú sókè. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọsàn mìíràn síbẹ̀.