Ẹ̀wù Tí Tú-Àpò Kò Tú

Ọdún mẹ́jọ ni ọkùnrin náà fi ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀, aṣọ kan kò sì wọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí kí ó má kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ àpò rẹ̀. Àpò òkè, àpò ìdí, àpò inú, kò sí èyí tó ń fò. Ó ti rí kọ́kọ́rọ́, ó ti rí eyín àtọwọ́dá, ó ti rí lẹ́tà ìfẹ́ tí kì í ṣe ìyàwó ilé ló kọ ọ́, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá irú rẹ̀ padà láìwo ojú ẹni tó ni ín. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà fi ń pè é ní Tú-Àpò. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. A máa ní, "Omi ò kàwé. Ohun tó bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ó parí."

Inú àpò náà ló ti rí ìyàwó. Obìnrin kan tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé gbé ẹ̀wù òtútù wá fọ̀, ó gbàgbé ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ sínú rẹ̀, ìwé ọmọ ìlú gangan. Tú-Àpò sá tẹ̀lé e dé ìkángun òpópónà kejì.

"Ẹ̀yin ọmọ onílùú," ó ní, èémí ò tíì balẹ̀, "ẹ ò mọyì ìwé. Tó bá jẹ́ tèmi ni, abẹ́ ahọ́n ni mo máa gbé e sí."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ òpó iná. Ní ọdún kejì, wọ́n lọ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó ní ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n sì padà sí ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ìyàwó mọ̀ pé físà oṣù mẹ́fà ni ọkọ òun fi wọ ìlú, àti pé oṣù mẹ́fà náà ti di ọdún mẹ́jọ. Bí ọkọ̀ ọlọ́pàá bá ń bọ̀, ọkọ á bẹ̀rẹ̀ á máa so okùn bàtà tí kò ní okùn. Ohun kan ṣoṣo ni kò sọ fún un. Ìwé ìrìnnà àtijọ́ tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí lọ́jọ́ tó wọ̀lú, ó ti tì í bọ àpò inú ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ ilẹ̀ tó wọ̀ wá, ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ẹnu àpò náà pa, ó sì gbé ẹ̀wù kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ojú ń tì í láti máa wo déètì tó ti kọjá. Ìwé ìrìnnà tuntun tó gbà nígbà tí ti àkọ́kọ́ kú mọ́ bí àwo tí ẹnikẹ́ni ò tíì jẹun nínú rẹ̀ rí. Ta ni yóò sì fọṣọ nínú ilé alágbàfọ̀ bí kò ṣe alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀?

Ní ṣọ́ọ̀bù, bàbá kan wà tó ń rán bọ́tìnnì tó já àti sípì tó bàjẹ́. Bàbá Bọ́tìnnì ni wọ́n ń pè é. Òun ló gba Tú-Àpò nímọ̀ràn.

"Àbúrò, ẹni tó bá ṣìnà, ẹ̀yìn ló ń padà sí. Padà sílé. Kí ìyàwó ẹ kọ̀wé pè ẹ́ láti ibí, kí ìwọ náà lọ gba físà tuntun lọ́hùn-ún bí ọmọlúàbí. Oṣù mẹ́ta péré, o ti dé. O ò ní so okùn bàtà mọ́."

"Ṣé ó dá yín lójú, ẹ̀gbọ́n?"

"Ṣé ẹfun ni mo fi kun orí tó funfun yìí ni? Ìwọ kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tí mo máa là lọ́yẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni Tú-Àpò ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ọjọ́ Ẹtì. Ìyàwó ò bá a jà, àmọ́ ó ní àfi kí àwọn kọ́kọ́ rí lọ́yà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. "Mi ò kí ń gbé bọ́ọ̀sì jáde láìwo táyà," ó ní. "Ọkọ mi ò ní wá jẹ́ àkọ́kọ́."

Lọ́yà náà jẹ́ obìnrin kúkurú kan tó máa ń fi ìdí bírò yún orí. Tú-Àpò ro ẹjọ́ rẹ̀, ó sì fi tíkẹ́ẹ̀tì lé tábìlì bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Lọ́yà wo déètì rẹ̀. Bírò dúró sórí.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi kan ni, ní ibi iṣẹ́."

"Ẹ bá mi kí wọn. Tẹ́ ẹ bá gun bàálù yìí, ọdún mẹ́wàá lẹ máa lò kẹ́ ẹ tó padà."

Ìyàwó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. "Ọdún kí ni?"

"Òfin ibí nìyẹn. Ẹni tí físà rẹ̀ ti kú, tó sì lò ju ọdún kan lọ lórí rẹ̀, ìyà ọdún mẹ́wàá yìí kì í mú un nígbà tó wà nínú ilé. Ó di ìgbà tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Èèyàn lè kọ̀wé tọrọ àforíjì, àmọ́ ìta lẹ ti máa dúró dè é. Wọ́n á fún ẹlòmíì, wọn ò ní fún ẹlòmíì."

Tú-Àpò fa tíkẹ́ẹ̀tì padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù. Àpótí rẹ̀ ti wà ní dídì lẹ́bàá ibùsùn.

"Tí mi ò bá wá lọ ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń mú mi bínú," ni lọ́yà wí. "Ẹ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, wọ́n lu òǹtẹ̀ fún yín, ẹ sì fẹ́ ọmọ ìlú. Wọ́n máa ń fojú fo ọjọ́ tẹ́ ẹ fi lékún fún irú yín. Ibí lẹ máa jókòó sí tẹ́ ẹ fi máa kọ̀wé tọrọ ìwé ìgbélùú. Ẹni tó fo odi wọlé ni tiẹ̀ yàtọ̀. Òǹtẹ̀ yẹn ló máa fi hàn pé ẹ ò fo odi. Níbo ló wà?"

Ojú Tú-Àpò tàn fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Ó wà nílé! Inú ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ ilẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo rán an mọ́ inú àpò."

Ìyàwó yíjú sí i. Ó bi í pẹ̀lẹ́ pé, "Èyí tó o wọ̀ wá?"

"Òun ni."

"Mo ti fọ̀ ọ́."

Ní ọ́fíìsì kejì, ẹnì kan ń tẹ ìwé jáde lára ẹ̀rọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ ràì.

"Mo fọ̀ ọ́ ní Sátidé, nígbà tó o wà níbi iṣẹ́. Mo ní kó o wọ ohun tó o wọ̀ wá padà lọ, kó mọ́, kí ìyá ẹ rí i pé ẹnì kan ń tọ́jú ẹ. Ìsàlẹ̀ àpótí ni mo dì í sí."

"Ṣé o tú àpò ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ó ṣe ń já bọ́ lójoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Mo tú u. Mo rí i pé ọ̀kan ò ní ẹnu. Mo fọwọ́ kàn án, ó le. Mo rò pé bí wọ́n ṣe rán ẹ̀wù yẹn nìyẹn." Omijé dé. "Ọkọ mi, omi gbígbóná ni mo lò."

Nígbà tí wọ́n délé, Tú-Àpò fi sísọ́ọ̀sì já òwú tí òun fúnra rẹ̀ rán. Ìwé ìrìnnà náà ti dì gan bí pákó. Ó fi omi tó ń kán lẹ́nu ìgò tú àwọn ojú ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń tú kọ́là ẹ̀wù tó lẹ̀ pọ̀. Níbi tí òǹtẹ̀ wà, àbàwọ́n aláwọ̀ búlúù bí èéfín ló kù. Kò sí ọjọ́, kò sí oṣù. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ló fi ń gba ìwé olówó, ìwé ọlọ́kọ̀, ìwé akọrin lọ́wọ́ omi, tirẹ̀ nìkan ló wá bómi lọ.

Ìyàwó pe lọ́yà lórí fóònù. "Omi pa èyí tó wà lọ́wọ́ yín rẹ́," ni obìnrin náà sọ, "kò pa tìjọba rẹ́. Wọ́n kọ orúkọ yín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. A máa kọ̀wé béèrè. Ó lè tó oṣù méjì, wọ́n sì lè ní àwọn ò rí i. Èyí tó wù ó jẹ́, ẹ má fẹsẹ̀ kan ibùdókọ̀ òfuurufú."

Lọ́jọ́ kejì, Tú-Àpò ro gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Bọ́tìnnì. Ó ti múra láti bínú, àní ó ti ṣa ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó dórí ọdún mẹ́wàá, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá, kò sì wá a.

"Ọdún mẹ́wàá? Inú ìwé ni lọ́yà ti kà á?"

"Inú ìwé òfin ni, ẹ̀gbọ́n. Ó fi hàn wá."

"Ọkọ àbúrò mi," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́. "Èmi ni mo ní kó lọ. Èmi ni mo gbé ẹrù rẹ̀ dé ibùdókọ̀. Ọdún kẹrin rèé. Ó pè, ó ń sunkún, ó ní wọ́n ní kóun dúró ọdún mẹ́wàá. Mo ní irọ́ ni. Mo sọ fún àbúrò mi pé ó ti níyàwó mìíì lọ́hùn-ún, kó má gbé fóònù ẹ̀ mọ́. Kò sì gbé e mọ́."

Ọ̀rọ̀ tí Tú-Àpò ti ṣà sílẹ̀ pòórá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bá bàbá wá abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì kọjá, bàálù náà gbéra láìsí i nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, méjì, mẹ́fà. Ìyàwó ò lè fọ ohunkóhun nínú ilé mọ́. Áńkáṣíìfù lásán, á kọ́kọ́ nà án síta wò. Bàbá Bọ́tìnnì náà ò sọ̀rọ̀ ọkọ àbúrò rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ní àràárọ̀ ni yóò béèrè pé, "Ìwé yẹn dé?" Ó jọ pé bí ìwé náà ò bá dé, lọ́yà lè jẹ́ òpùrọ́, kí òun sì bọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ìyàwó gbé bọ́ọ̀sì tó ṣófo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń tẹ fèrè bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ewé ìwé kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: orúkọ ọkọ rẹ̀, ọjọ́ tó wọlé, ẹnu ọ̀nà tó gbà. Ìlà mẹ́ta péré. Tú-Àpò kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó fẹ̀yìn ti ẹ̀rọ ìfọṣọ.

"Gbé e wá kí n rí i," ni Bàbá Bọ́tìnnì wí. Ó kà á, ó ń fi ìka tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ó yọ fóònù rẹ̀, ó wá nọ́ńbà kan tó ti pẹ́ níbẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ó dún títí. Ohùn ọkùnrin kan dáhùn láti ọ̀nà jíjìn.

"Ẹ̀gbọ́n? Ṣé kò sí nǹkan o? Ṣé ìyàwó mi wà láàyè?"

"Ó wà láàyè," ni Bàbá Bọ́tìnnì wí. "Èmi ni mo ní kó má gbé fóònù ẹ mọ́."