Àlàyé Tí Mo Ṣe Lórí Búrẹ́dì Ìdàpọ̀ Mímọ́

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni wàhálà yìí bẹ̀rẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Lútérà wa kékeré ní Bàrígà. Mo ti gboyè nínú fìlọ́sọ́fì, ṣùgbọ́n ìjọba sójà kò gba ènìyàn síṣẹ́ mọ́. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni mo ti ń bá wọn wá àṣìṣe inú ìwé. Ó ti rẹ̀ mí, kì í ṣe ara nìkan, ọkàn mi pàápàá ti rẹ̀. Ìrètí kan tí mo ní ni pé Pásítọ̀ fẹ́ rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀, níbi tí ìjọ yóò ti máa bọ́ mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ máa kọ́ àwọn tó fẹ́ gba ìdàpọ̀ mímọ́.

Aránṣọ kan nínú wọn bi mí pé báwo ni búrẹ́dì ṣe ń jẹ́ ara Olúwa. Inú mi dùn jù. Mo ní ohun gbogbo ló ní ìrísí tí ojú ń rí àti ìwà inú, ìyẹn ohun tó jẹ́ gan-an, tí ojú kò rí. Ìrísí búrẹ́dì ló kù, ìwà inú rẹ̀ ti di nǹkan mìíràn.

Aránṣọ náà ní, "Tíṣà, ìrísí búrẹ́dì nìkan lèmi náà ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní Fádèyí báyìí. Inú rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ mi."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi alàgbà ìjọ kan tó jókòó lẹ́yìn. Òun ló lọ sọ fún Pásítọ̀ pé ẹ̀kọ́ àwọn Àgùdà ni mo ń kọ́ wọn.

Pásítọ̀ kò bínú. "Ọmọ mi, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ọgbọ́n orí. Lò ó láti ka Bíbélì, láti ṣe ìjọba, láti ránṣọ. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ ni, má fi í jẹ adájọ́. Búrẹ́dì wà níbẹ̀, ara Olúwa wà níbẹ̀, nítorí Olúwa ló sọ bẹ́ẹ̀. A kì í wádìí bó ṣe rí bẹ́ẹ̀."

"Tí ọkàn mi ò bá yé wádìí ńkọ́, sà?"

"A jẹ́ pé o ò tíì ṣe tán láti lọ nìyẹn."

Ó ní ní Sátidé tó ń bọ̀, kí n sọ níwájú àwọn tí mò ń kọ́ pé àlàyé mi kò tọ̀nà, kí n sì sọ pé mo gbà láìsí àlàyé kankan. Èyí àkọ́kọ́ kò ṣòro. Mo mọ̀ pé mo ṣì í sọ. Èkejì ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tí Pásítọ̀ sọ yé mi, mo tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kí nǹkan yé ènìyàn yàtọ̀ sí kí ènìyàn gbà á gbọ́. Tí mo bá sọ pé mo gbà, n kò mọ̀ bóyá ìgbàgbọ́ ló ń sọ̀rọ̀ tàbí ebi. Tí n kò bá sọ ọ́, ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo ní ti dí nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá dìde níwájú wọn, kí ni kí n sọ?