Òun Ni Wọ́n Mú Lọ sí Ojú Òkun

Òórùn yíǹkì ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ tó o bá ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wa ní Fọlá Àgòrò, nítorí ilé ìtẹ̀wé ló wà nísàlẹ̀, ẹ̀rọ wọn a sì máa mi tábìlì wa láti àárọ̀. Ọdún tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ni. Gbogbo ènìyàn ló ń retí nǹkan tuntun, àmọ́ nǹkan àtijọ́ ni iṣẹ́ tiwa: àwọn pèpéle irin tí wọ́n fi ń wa epo lójú òkun, tí iyọ̀ ti ń jẹ láti ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Àwa la máa ń ṣètò ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ tún ṣe, èyí tó lè dúró di ọdún tó ń bọ̀, àti èyí tí wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn nígbà tí òkun bá ń ru.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ kàwé ní Akọka, ọjọ́ kan náà la sì gbà wá síṣẹ́. Nígbà tí àyè kan ṣoṣo yọ fún obìnrin láti lọ wo pèpéle tó gbó jù, òun ni ọ̀gá wa mú.

"Ọmọ Ìlàjẹ Bàrígà ni," ọ̀gá sọ fún mi. "Omi ò lè dẹ́rù bà á. Ìwọ ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo padà sídìí tábìlì mi. Èmi mà ni mo ṣètò àtúnṣe pèpéle yẹn! Mo mọ gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìwé bí mo ṣe mọ ìka ọwọ́ mi.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi padà dé, oòrùn ti bó o nímú, gbogbo ọ́fíìsì sì yí i ká, wọ́n ń gbọ́ ìròyìn hẹlikópítà. Mo dorí kodò sídìí iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí n kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ló wá bá mi, ó ní kí n gbé àtúnṣe àtẹ̀gùn pèpéle náà, tí mo fi sí ìparí, wá síwájú.

"Torí pé o ti débẹ̀, àbí?"

"Torí pé àwọn èèyàn ń rìn lórí ẹ̀ ni. Ìpẹtà ti dá a lu."

Òótọ́ ló sọ. Mo yí ètò náà padà, inú sì túbọ̀ bí mi, torí ojú rẹ̀ ló fi rí i, èmi sì jókòó sí ọ́fíìsì ní Ṣómólú. Ó wò mí títí, ó wá ní, "Wá sílé wa ní Sátidé. Màá kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́."

Ẹ̀yìn ilé wọn létí ọ̀sà, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń yan ẹja, ni mo ti mu omi yó. Ìyá náà ń rẹ́rìn-ín: "Ọmọ mi, fara sílẹ̀! Ẹni tó bá ń bá omi jà ló ń rì." Ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi ló gbé mi dúró lábẹ́ ikùn. Mo dúpẹ́ fún ọwọ́ náà, mo sì ń jowú rẹ̀ síbẹ̀. Ó rọrùn fún un láti ṣoore. Òun ló ti ní ohun tí mo ń wá.

Nígbà tí mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ọ̀gá gbà kí n lọ. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ sórí pèpéle, tí afẹ́fẹ́ ń já mi láṣọ, òṣìṣẹ́ kan kí mi káàbọ̀, ó ní, "Àǹtí yẹn ńkọ́, ọ̀rẹ́ yín? Ẹ bá wa kí wọn o." Owú tún ta mí bí agbọ́n. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní wọn á gbọ́.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé owú ò dáa, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n kí n tó jowú ọ̀rẹ́ mi, mo rò pé nítorí owó oṣù nìkan ni mo ṣe ń jí lọ síbi iṣẹ́. Owú ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé mo nífẹ̀ẹ́ àwọn irin arúgbó wọ̀nyẹn.