Bàbá Tí Kò Sẹ́ni Tó Fẹ́ Pè Ní Out

Ọ̀wọ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ ní Suwanee, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń wò mí báyìí pé, ọmọ Yorùbá wo ló máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu? Ẹ fara balẹ̀ ná, màá ṣàlàyé.

Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe. Èmi ni mo máa ń lọ sílé àwọn tí àìsàn dá jókòó, tí mo máa ń kọ́ ẹsẹ̀ ní ìrìn, tí mo sì máa ń rán ọwọ́ létí iṣẹ́ tó ti gbàgbé. Stone Mountain ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ni mo ti máa ń jẹun, inú ọkọ̀ ni mo ti máa ń gbàdúrà, inú ọkọ̀ ni ọkọ mi ti máa ń bá mi jà lórí fóònù.

Ẹni tó fà mí lọ́wọ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni Mr. Curtis, bàbá aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n bí sí Atlanta níbí. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé orúnkún tirẹ̀ gan-an ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbé báàgì ńlá kan dání: rọ́bà ìfà, ìgbànú, ìwé oríṣiríṣi, gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé. Òun ní tirẹ̀ kàn ṣí bútù ọkọ̀ rẹ̀, ó mú ọ̀pá ike yẹ́lò tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde pẹ̀lú bọ́ọ̀lù ike funfun tó nihò lára.

Mo ní, "Kí lèyí, sir?"

"Irinṣẹ́ ni. Má sì fi 'sir' pa mí."

"Ohun ìṣeré ọmọdé?"

"Miss Ṣadé," ó ní, "látìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí aláìsàn tó bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun fa rọ́bà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù yìí tì, á ní kí o tún un jù."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣeré náà, torí mo mọ̀ wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbé ìlú yìí títí irun fi funfun, síbẹ̀ tí baseball bá ti yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, rìmóòtù la máa ń wá. Èyí tí mò ń sọ yìí, ọmọ ìyá baseball ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń ṣe é. Apá kan bọ́ọ̀lù náà kún fún ihò, apá kejì dí pa. Tí ẹ bá jù ú, atẹ́gùn á gba inú ihò yẹn mú un, á sì yà bàrá lójijì bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tó yẹ kó wà ní kíláàsì. Ó fúyẹ́ débi pé tó bá ba wíńdò, wíńdò ò ní mọ̀.

Ẹnì kan á máa jù ú, ẹnì kan á dúró pẹ̀lú ọ̀pá láti gbá a. A ó gbé àga sẹ́yìn ẹni tó ń gbá. Tó bá fi ọ̀pá na atẹ́gùn lásán, tàbí tí bọ́ọ̀lù bá kọjá lára rẹ̀ lọ lu àga, strike nìyẹn. Strike mẹ́ta, ó di out, kó gbé ọ̀pá fún ẹlòmíì. Tó bá sì gbá a, tí ẹnì kan hán an kó tó balẹ̀, out náà nìyẹn. Nínú èyí tí Mr. Curtis kọ́ mi, ẹnikẹ́ni kì í sáré. Ibi tí bọ́ọ̀lù bá balẹ̀ sí ló máa ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó gbá a. Tó bá kọjá ẹni tó jù ú, base kìíní, ìyẹn ibùdó àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin tó yí pápá ká. Tó bá dé ìdí igi, base kejì. Tó bá ba ọgbà, base kẹta. Tó bá fò ó kọjá, home run, ẹ máa jó. Àwa tó kù la ó máa fọkàn gbé yín láti base dé base, ẹ̀yin á jókòó yín. Ẹ ò rí i pé eré àgbà ni?

Bùnmi ló pè mí wá sílé wọn ní Suwanee. Nọ́ọ̀sì ni, bàbá rẹ̀ ló sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀gá ilé ìwé ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì ní Ìkìrun, ẹni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ tí wọ́n ń dákẹ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ wá mú wọn lápá ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n fi máa dé láti ọsíbítù, orí àga iwájú tẹlifíṣọ̀n ti di ilé wọn.

Bùnmi fà mí wọ kíṣìnì. "Aunty Ṣadé, èmi àti Bàbá Tómi la jọ ń ṣe shift. Tí Bàbá ò bá lè dá dìde kí wọ́n rìn dé ilé ìwẹ̀, mi ò ní lè fi wọ́n nìkan sílé. Àwọn dókítà ti ní kí n máa wo nursing home, ilé ìtọ́jú àgbà." Ó yí padà, ó ń nu ibi tí kò dọ̀tí. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé bàbá mi fún àjèjì?"

Bàbá kò fẹ́ rọ́bà, wọn ò fẹ́ ìgbànú. Tí mo bá ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀, wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ sọ ìdí ẹ̀. Mo bá bẹ Mr. Curtis pé kó bá mi lọ. A fi wọ́kà, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń rìn, mú Bàbá dé ẹ̀yìnkùlé. Mr. Curtis gbé ọ̀pá ike lé wọn lọ́wọ́, Bàbá wò ó, wọ́n yí orí rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ koríko níwájú ẹsẹ̀ wọn.

Mr. Curtis bi mí léèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ṣé wọ́n fẹ́ gbálẹ̀ ni?"

Bàbá gbọ́. Etí wọn kò ṣàìsàn. "Ìyá Físíò, sọ fún un pé bí a ṣe ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní girama nìyí, ká tó mọ̀ pé wọ́n máa bí i."

Mr. Curtis rẹ́rìn-ín débi pé ó di ọgbà mú. Ó ju bọ́ọ̀lù, Bàbá gbá a láti ilẹ̀ wá, ó kọjá lórí Mr. Curtis fíì. Wọ́n wò wá lójú. "Ẹ tún un jù."

Bí ọwọ́ òsì ṣe ń ran ọwọ́ ọ̀tún lọ́wọ́ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń pẹ́ sí i lórí ìdúró, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi wọ́kà sílẹ̀, tó fi di ọ̀pá ìtilẹ̀ nìkan. Inú Bùnmi dùn jù. Ìdùnnú yẹn ló mú kó pe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sátidé kan, kí wọ́n wá bá Bàbá gbá bọ́ọ̀lù.

Ibẹ̀ ni ọ̀wọ̀ ti wọlé tọ̀ wá.

Bàbá Tómi, ọkọ Bùnmi, ni wọ́n fi ṣe rẹfirí. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi dá a: ọmọ Yorùbá wo ló máa fẹnu ara ẹ̀ pe àna ẹ̀ ní out? Tómi, ọmọ wọn obìnrin, ló ń ju bọ́ọ̀lù. Ọmọ yẹn ló ń jù ú fún ẹgbẹ́ softball, ìyẹn baseball àwọn obìnrin, nílé ìwé wọn, ọwọ́ ẹ̀ mú bí abẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ló ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń gbé ẹyin fún ìyá ọkọ. Bàbá gbá a tì. Bàbá Tómi ní, "Kò kà o, atẹ́gùn ni." Wọ́n tún gbá a tì. "Oòrùn wọ Bàbá lójú, ẹ tún un jù." Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ń pàtẹ́wọ́. Bàbá dúró síbẹ̀ títí, gbogbo ẹni tó kù ń dúró de ọ̀pá tí kò ní kàn wọ́n láé.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá gbá ọ̀kan sókè gangan, ó sì ń bọ̀ wálẹ̀ sínú ọwọ́ Tómi. Ó hán an. Lẹ́yìn náà ló la ọwọ́, ó jẹ́ kó bọ́.

"Tómi," Bàbá pè é.

"Sà."

"Bọ́ọ̀lù yẹn ti wà lọ́wọ́ rẹ."

"It slipped, Grandpa."

Bàbá wo gbogbo wa yíká. Wọ́n rọra fi ọ̀pá lélẹ̀. "Ẹ mú mi wọlé."

Nígbà tí mo padà lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Bàbá ní àwọn ti fẹ̀yìn tì nígbà kejì. Wọn ò gbé ọwọ́, wọn ò gbé ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kejì náà bẹ́ẹ̀ ló rí. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ tó ti ń gbọ́ràn tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Bùnmi sọ fún mi, láì wò mí lójú, pé òun ti bá àwọn nursing home kan sọ̀rọ̀ ní Duluth, pé ibẹ̀ mọ́ tónítóní.

Mo pe Mr. Curtis lórí fóònù, mo rojọ́ látòkèdélẹ̀.

"Ta ló pè é ní out?" ó bi mí.

"Out kẹ̀? Bàbá àgbà?"

"Á jẹ́ pé kò tíì bá yín ṣeré. Ẹ̀yin lẹ ń fi í ṣeré."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo kọ́kọ́ wá Tómi lọ. "Ṣé wàá lè jù ú bí o ṣe ń jù ú nílé ìwé?"

"Aunty! Mummy máa pa mí."

"Èmi àti ìyá rẹ la máa jọ parí ìyẹn."

Mo wọlé bá Bàbá. "Bàbá, Tómi ní tó bá jù ú dáadáa, ẹ ò lè gbá a."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Tómi, sà."

"Tómi èwo?"

"Ọmọ ọmọ yín."

Wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. "Fún mi lọ́pàá mi."

Níta, Tómi kọ́kọ́ kúnlẹ̀ lórí koríko. "Grandpa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o." Wọ́n ní, "Dìde, jù ú." Ó dìde, ó jù ú, bọ́ọ̀lù náà ń bọ̀ gbọnrangandan, ó wá yà wọ ìhà wọn. Bàbá na atẹ́gùn.

Gbogbo ojú yí sí Bàbá Tómi.

Mo ní, "Bàbá Tómi, ẹ sọ ọ́."

"Strike... sà."

Èkejì náà, "Strike, sà, ẹ má bínú." Bàbá gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn kọ́ ẹ̀yìn àga, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá ike mú. Ẹ̀kẹta, wọ́n gbá a! Ó fò lọ sí ìhà ìdí igi. Tómi sá tẹ̀ lé e, ó wó lulẹ̀ gbalaja, ó na ọwọ́, ó sì hán an.

Bàbá Tómi wo ìyàwó ẹ̀, ó wo ojú ọ̀run. "Out, sà."

"Ó kan koríko!" Bàbá ké.

"Kò kàn án, Grandpa! I caught it!"

"Mo ní ó kan koríko! Mo rí ibẹ̀!"

Wọ́n bá gbéra. Wọ́n ń lọ fi ibẹ̀ hàn án. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn àga, kò sẹ́ni tó dì wọ́n mú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ́kọ́ wọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbé ara ẹ̀ sókè bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, mo la ọwọ́ mi sílẹ̀ láìfi kàn wọ́n. Bùnmi ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ń bá ọmọ jà lọ títí wọ́n fi dé ìdí igi, wọ́n na ìka ọwọ́ ọ̀tún. "Níbí! Ṣé kì í ṣe koríko nìyí?"

Ẹsẹ̀ wọn ni Tómi ń wò.

Bùnmi kò gbé Bàbá lọ sí Duluth mọ́. Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan tán lọ́jọ́ kan o, iṣẹ́ ṣì kù nílẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n Bàbá ń rìn lọ sílé ìwẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Mr. Curtis, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó kúnlẹ̀ kó tó jù ú. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi báyìí, ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún aláìsàn débi tí wọ́n á fi jẹ́ kó pàdánù.

Lọ́jọ́ tí mo lọ sílé wọn kẹ́yìn, Bàbá sìn mí dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ìyá Físíò."

"Sà."

"Ó kan koríko."

"Kò kàn án, Bàbá. Out ni yín."

Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ọwọ́ mi mú, ó le, ó dùn mí díẹ̀, mi ò sì fà á kúrò. "O ṣeun, ọmọ mi," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ìwọ náà, lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú ẹ wò."