Akọni Tí Wọ́n Sọ Di Àjẹ́

Inú mi máa ń tètè ru. Àwọn tó ń bá mi gbé mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ilé-ìwé girama náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí fíìmù mi fi wà lọ́wọ́ àwọn ará Ìbàdàn, ìbínú ò rí àyè jókòó lára mi, ìbẹ̀rù ti gba gbogbo ilé. Bí fóònù bá dún, màá kọ́kọ́ wo ibi tí màmá mi wà kí n tó gbé e.

Olùkọ́ ni mí ní Ìlá. Mo máa ń kọ eré mọ́ iṣẹ́ olùkọ́, eré Kérésìmesì ní ṣọ́ọ̀ṣì, eré ìparí ọdún nílé-ìwé, títí ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn fi ní kí n wá ṣe fíìmù akọni kan fún àwọn. Ẹ mọ irú èyí tí mò ń wí, irú tòyìnbó tí ènìyàn ti ń fò, tó ń fi ọwọ́ kan gbé mọ́tò, tí ìlú ńlá á sì wó lulẹ̀ níparí. Èmi àti àwọn ọmọ mi ti wò ó títí. Mo fẹ́ràn àwọn fíìmù náà, n ò ní purọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé bí o bá ti wo méjì, o ti mọ ẹ̀kẹta. Ọkùnrin tí iṣan kún apá rẹ̀, ẹ̀wù tó fún mọ́ra, ìjà lójú ọ̀run, àti ìparí tí kò parí, torí wọ́n fẹ́ kí o wá wo apá kejì. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí kọ́ ló parí rẹ̀, àwọn tó ni owó ló gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n á ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí àwọn gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ yẹn wá ní kí n ṣe tèmi bí mo bá ṣe fẹ́, mo ní akọni mi, obìnrin àgbà ni yóò jẹ́. Ìyá arúgbó kan nílẹ̀ Ìgbómìnà tó máa ń bá àwọn èèyàn tọ́jú ọmọ. Bó bá ti gbá ọ̀já mọ́ra, agbára dé nìyẹn. Búrẹ́kì bọ́ọ̀sì ọmọ ilé-ìwé kan já lórí òkè, ìyá náà fò, ó fi ẹ̀yìn dá bọ́ọ̀sì náà dúró, ó kó àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìtàn mi ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, ọ̀dọ́kùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ kó má fi "Mà" sí i, ní ó dára gan-an, pé irú rẹ̀ ò sí nílẹ̀.

Màmá mi ni mo fi ṣe ìyá náà. Tísà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Ọ̀tan Ayégbajú ni wọ́n ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ọmọ ọlọ́mọ ló gbé wọn ró. Àwọn ìyàwó àdúgbò tó ń lọ sóko, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, ọ̀dọ̀ màmá mi ni wọ́n ń gbé ọmọ wá láàárọ̀. Màmá mi ní ilé tí kò bá sí igbe ọmọ nínú rẹ̀, òun ò lè sùn níbẹ̀. Èyí tó sún mọ́ wọn jù lásìkò yẹn ni ọmọbìnrin ìyàwó ilé kejì wa. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan. Ẹ̀yìn màmá mi ló ń sùn jù, kódà ìyá rẹ̀ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé òun kàn bá màmá bí i ni.

Lẹ́bàá òkè kan ní Iresi la ti ya ibi tí ìyá náà ti fò. Àwọn òṣìṣẹ́ so okùn mọ́ màmá mi lábẹ́ aṣọ, wọ́n ta aṣọ aláwọ̀ ewé sẹ́yìn kí wọ́n lè fi ojú ọ̀run rọ́pò rẹ̀ nínú fíìmù, àwọn géńdé sì ń fa okùn náà. Bí ẹsẹ̀ màmá mi ṣe kúrò nílẹ̀ báyìí, bàtà kan yọ bọ́. Màmá mi wo bàtà náà nísàlẹ̀, ẹ̀rín bá gbà wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, tí wọ́n ń fì lọ fì bọ̀ lókè, tí wọ́n ń ní kí ẹnì kan bá àwọn mú bàtà. Mo ṣẹ́wọ́ sí oníkámẹ́rà pé kó má dáwọ́ dúró. Nínú ọkàn mi, mo mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn gan-an ni fíìmù mi. A kó gbogbo ohun tí a yà fún àwọn ará Ìbàdàn kí wọ́n lọ tò ó pọ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀gá yẹn tó pè mí. Ó ní àwọn ti fi han àwọn èèyàn kan láti mọ bí wọ́n ṣe máa gbà á, pé ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi àwọn: ìyá arúgbó tó ń fò, ṣé kì í ṣe àjẹ́ ni? Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n wò ó dópin, wọ́n á rí i pé ó gba ọmọ là. Ó ní àwọn èèyàn kì í dúró dé òpin, Mà. Ó ní ilé-iṣẹ́ àwọn sì ti ní ètò mìíràn. Akọni mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ ṣe, kí kálukú ní fíìmù tirẹ̀, kí wọ́n tó pàdé nínú èyí tó máa gbẹ̀yìn. Arúgbó ò lè bá àwọn yẹn tò. Wọ́n ti mú ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ìbàdàn, wọ́n ti rán ẹ̀wù fún un, wọ́n ti ya tirẹ̀ mọ́ fíìmù mi. Mo bi í pé ibo wá ni màmá mi wà.

"Mà, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ipò wọn la kàn yí padà."

Mo wọkọ̀ lọ bá a. Ó jókòó tì mí nígbà tí mò ń wò ó nínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni lóòótọ́, gbogbo àwòrán ibẹ̀ ni mo mọ̀, àfi pé wọ́n ti gé e, wọ́n sì ti dorí rẹ̀ kodò. Bí màmá mi ṣe gbá ọ̀já báyìí, ojú ọ̀run ṣú, búrẹ́kì bọ́ọ̀sì já. Wọ́n ti kun ojú màmá mi ní pupa. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí màmá mi sọ ni wọ́n yọ, ẹ̀rín nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ̀rín bàtà yẹn ni wọ́n fi ohùn mìíràn lú, tó ń dún gbọ̀ọ̀rọ̀ láàárín igbe àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́kùnrin ẹlẹ́wù dúdú já wá láti òkè, ó kan màmá mi lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ó sì kó àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ sí ọ̀gá yẹn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè kọ sínú ìwé. Ó fi ara balẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n má bínú, pé bó bá ṣe ti òun nìkan ni, ìyá náà ni òun fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n àwọn kan ń bẹ lókè òun. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ló ni kámẹ́rà, àwọn ló ni okùn, èmi alára sì ti gbà pé tiwọn ni fíìmù náà. Mo wá rẹ ohùn mi sílẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní inú ìlú ni màmá mi ń gbé o, àwọn èèyàn ló ń gbé ọmọ wọn fún wọn. Ó ronú, ó ní àwọn lè yọ orúkọ wọn kúrò níparí fíìmù. Mo bi í pé ta ló máa ka orúkọ ní Ìlá, nígbà tí ojú wọn ń bẹ níbẹ̀ gbàgàdà. Ó ní àwọn èèyàn mọ̀ pé eré ni, Mà.

Ìlú wa kì í ṣe ìlú tí wọ́n ti ń sọ òkò lu àgbà. Kò sẹ́ni tó máa bú màmá mi, kò sẹ́ni tí kò ní kúnlẹ̀ kí wọn. Ohun tí wọn ò ní sọ jáde ló ń bà mí lẹ́rù. Bí mo ṣe ń bọ̀ nínú ọkọ̀, òun ni mò ń rò títí mo fi délé, mo sì bá màmá mi níbi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ. Wọ́n ti sọ fún àwọn ìyá ìjọ. Pásítọ̀ ti kéde rẹ̀ pé bí fíìmù náà bá ti jáde lórí ẹ̀rọ ayélujára, gbogbo ìjọ máa jọ wò ó ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde. Màmá mi bi mí bóyá ó dára. Mo ní ó dára.

Lẹ́yìn èyí ni ara ọmọ ìyàwó ilé kejì gbóná. Ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò gba ọyàn, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lẹ́jọ́. Òwe kan ṣoṣo ló ń pariwo létí mi: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Mò ń rò ó pé bí fíìmù yìí bá jáde, tí nǹkan ṣe ọmọ yìí, ta ló máa ya eré sọ́tọ̀ kúrò lára òótọ́ fún àwọn èèyàn? Mo gbàdúrà fún ọmọ náà dé ibi tí ẹ̀rù àdúrà ọ̀hún ń bà mí. Màmá mi kàn ń fi ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ni. Nígbà tí ara ọmọ náà yá, tí wọ́n gbé e padà wá, tó tún fò mọ́ màmá mi lẹ́yìn, mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ sunkún.

Ó ku ọjọ́ méjì kí a wò ó ni mo tó lè sọ fún màmá mi. Wọ́n gbọ́ mi títí.

"Ẹ̀rín bàtà yẹn náà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọn ò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Mo ní ká lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí wa ní Ọ̀rà títí ariwo á fi lọ sílẹ̀, tàbí kí n sọ fún pásítọ̀ pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Màmá mi mi orí. Wọ́n ní bí àwọn bá sá, ìjẹ́wọ́ nìyẹn. Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn wá gèlè tó bá aṣọ náà mu, pé àga iwájú ni àwọn máa jókòó sí.

Lóòótọ́ ni wọ́n jókòó síwájú. Ìyàwó ilé kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tòun ti ọmọ rẹ̀ lórí itan. Nígbà tí ojú màmá mi kọ́kọ́ yọ, gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́, ọkàn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀. Ìgbà tó yá, ojú wọn pọ́n nínú fíìmù. Àtẹ́wọ́ já. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn mi pe Jésù wẹ́rẹ́. Bí ẹ̀rín náà ṣe dún, ọmọ mọ ohùn náà, inú rẹ̀ dùn, ó yíjú sí màmá mi, ó na ọwọ́ méjèèjì. Màmá mi náà na ọwọ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ìyá ọmọ gbé e sí èjìká tó jìnnà sí màmá mi, ó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ tún ìró rẹ̀ ró. Jẹ́jẹ́ ló ṣe é. Màmá mi fi ọwọ́ tí wọ́n nà yẹn tún gèlè wọn ṣe, wọ́n sì kọjú sí fíìmù títí ó fi parí. Nígbà tí a jáde, kò sẹ́ni tí kò kúnlẹ̀ kí wọn kú iṣẹ́. Wọ́n ní àṣé màmá mọ eré ṣe tó báyìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá mi gbálẹ̀, wọ́n wẹ̀, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ẹnì kan ránṣẹ́ pé òun ò lọ sóko lónìí. Ẹnì kan ní àbúrò òun ti dé, pé yóò máa bá òun tọ́jú ọmọ. Oòrùn ti là dáadáa kí ìyàwó ilé kejì tó gbọ́mọ wọlé. Ọpẹ́ kún ẹnu mi. Ṣùgbọ́n kò gbé ọmọ kalẹ̀. Ó jókòó lórí àga, ó ní òun ò tíì fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, pé kí òun kọ́kọ́ bá wa ṣeré díẹ̀. Ọmọ ń jà, ó fẹ́ lọ bá màmá mi, ìyá rẹ̀ dì í mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, màmá mi kì í jẹ́ kí ọlọ́mọ kí wọn tán kí wọ́n tó já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n lọ dúró síwájú ìyàwó náà tí wọ́n lè bí lọ́mọ, wọ́n ká ọwọ́ wọn sí àyà.

"Ìyàwó wa, ṣé kí n pọ̀n ọ́n?"

Ìyàwó náà wo ojú mi kí ó tó dá wọn lóhùn.