Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Wọ́n Fi Dí Mi Lẹ́nu

Mo rántí ìgbà tí mo ti rán aṣọ oyè kí wọ́n tó fi mí joyè. Léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run ni. Mo gbé e lọ fún aránṣọ kan ní Kétu, mo sì kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe rán an bí aṣọ fàájì, nítorí aṣọ iṣẹ́ ìjọba ni. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí a wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun yìí. Igbákejì ọ̀gá ni mo jẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkòsí, níbi tí afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ ti máa ń gbé òórùn tòmátì tí ó ti rọ̀ jù wá bá wa láti ọjà Mile 12, tí àwọn ọmọ yóò sì máa ka ìṣirò nínú òórùn náà láìbìkítà.

Ọ̀gá wa obìnrin ti fẹ̀yìntì. Ó kó kọ́kọ́rọ́ ilé-ẹ̀kọ́ lé mi lọ́wọ́, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ sì ní kí n ṣe adelé títí wọn yóò fi yan ẹlòmíràn. Ó lé ní ọdún kan tí mo fi ṣe é. Ìjì ká páànù orí kíláàsì méjì lọ, èmi ni mo ń wọlé tọ àwọn òbí títí òrùlé fi padà sórí ọmọ wọn. Àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ọ̀gá àgbà, èmi náà sì ń jẹ́ wọn. Mo tilẹ̀ ti yan ibi tí n óò gbé àga ọ̀gá sí, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà kọ sí fèrèsé. Ẹran ṣì wà nínú igbó, èmi ti ń lọ ata rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, òṣìṣẹ́ kan dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ọkùnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa. Nígbà tí ọkùnrin náà ṣì ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, kíláàsì mi ni kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ rán an wá, èmi ni mo sì kọ́ ọ bí a ṣe ń dúró níwájú ọmọ láìfi ìbẹ̀rù hàn. Inú mi dùn láti rí i. Mo rò pé ó wá kí mi kú oríire ni, mo sì ní kí wọ́n wá àga fún un.

Òṣìṣẹ́ náà kó gbogbo wa jọ sí yàrá àwọn olùkọ́, ó sì ní kí a kí ọ̀gá tuntun káàbọ̀. Kí n tó lóye ohun tí ó wí, ọkùnrin náà ti nà gbalaja níwájú mi, àyà rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì, táì rẹ̀ ká sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

“Mọ́mì mi,” ni ó wí, “ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́. N ò ní jókòó lórí àga yẹn àfi tẹ́ ẹ bá wúre fún mi.”

Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Obìnrin tí ó ń kọ́ kíláàsì kejì, tí gbogbo wa ń pè ní Àńtí, ń nu ojú. “Ẹ wo ọmọ tó gbẹ̀kọ́,” ni ó ń wí. “Mọ́mì, ẹ tètè ṣàdúrà fún un kó dìde, sìmẹ́ńtì yẹn tutù.”

Kí ni a lè ṣe sí ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé ó wọlé pẹ̀lú ìgbéraga ni, n óò mọ èsì tí n óò fún un. Ṣùgbọ́n nínú àṣà tí a bí wa sí, ẹni tí ó dojú bolẹ̀ ti gba idà lọ́wọ́ ẹni tí inú ń bí. Mo la ẹnu, mo sì wúre. Mo ní ipò náà yóò tù ú lára. Gbogbo wọn ṣe àmín.

Mo tẹ̀lé òṣìṣẹ́ náà dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, mo sì bi í léèrè ohun tí mo ṣe.

“Háà, Mọ́mì, ẹ ò ṣe nǹkan kan o. Ìyá gbogbo wa ni yín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín máa sáré, kẹ́yin máa gbà á nímọ̀ràn.”

Mo ní iṣẹ́ mi kò tíì parí, pé ọdún ṣì kù kí n tó fẹ̀yìntì.

“Mọ́mì, ṣé nítorí ọdún díẹ̀ yẹn náà ni?” Ó ti ìlẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ọkùnrin tí ó jẹ ọ̀gá ṣáájú ọ̀gá wa obìnrin ti ju ọjọ́ orí tí mo wà nígbà náà lọ ní ọjọ́ tí wọ́n yàn án. Ẹnikẹ́ni kò pe ìyẹn ní Dádì kí ó wá fi gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, bàbá àwọn ọmọ mi béèrè ohun tí ó dé. Mo sọ fún un.

“Ṣé ó rí ẹ fín ni?”

“Rárá.”

“Ó gbó ẹ lẹ́nu?”

“Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi.”

“Ìyá ọmọ, ta lo fẹ́ lọ ro irú ẹjọ́ yìí fún?” Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò bá a rẹ́rìn-ín. Ọbẹ̀ tí mo gbé ka iná jóná dé ìdí, bẹ́ẹ̀ náà ni a sì ṣe jẹ ẹ́.

Láti ọjọ́ náà lọ, àràárọ̀ ni ọ̀gá tuntun ń wá dọ̀bálẹ̀ ní yàrá mi, iṣẹ́ ni ó sì máa ń tẹ̀lé e. “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi parí ìjà àwọn olùkọ́ méjì yẹn.” “Mọ́mì, òbí kan ń bínú níta, tiyín nìkan ló máa gbọ́.” Òun yóò wọ bàtà dídán, yóò sì gba ìpàdé àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lọ sí Ògùdù. Bí mo bá fajú ro, Àńtí yóò rán mi létí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kò sí ẹni tí ó bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí wọ́n fi jẹ olórí ọjà náà.

Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa ti géètì mọ́ ọmọ tí ó bá pẹ́. Mo sọ fún un pé ọmọ àwọn oníṣòwò Mile 12 ni ó ń pẹ́, pé wọ́n ń bá ìyá wọn to apẹ̀rẹ̀ kí ọjà tó kún. “Mọ́mì, ayé ti yí padà,” ni ó wí. Ó ti géètì. Òjò pa àwọn ọmọ náà níta, ibà sì dá ọ̀kan nínú wọn dùbúlẹ̀. Ní òwúrọ̀ kejì àwọn ìyá ya bò wá, wọ́n ti sán ìró mọ́dìí, wọ́n ní kí ẹni tí ó ti géètì jáde.

Ó sáré wọ yàrá mi, ó ti ń dọ̀bálẹ̀. “Mọ́mì, ẹ gbà mí. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé àṣìṣe ni.”

Mo ní kí a jọ jáde. Ó rò pé mo ti gbà. Nígbà tí àwọn ìyá náà rí mi, ariwo wọn rọlẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ̀yin la ń dúró dè,” ni ọ̀kan wí. “Ta ló fi òjò pa ọmọ wa?”

Mo yíjú sí ọ̀gá tuntun, mo ká etí ìró mi, mo sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá wa,” ni mo wí, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n kọ́ wa láti máa fi bá ìpéjọ sọ̀rọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Abẹ́òkúta. “Àwọn òbí wá rí yín. Ẹ̀yin ni olórí ilé yìí. Igbákejì yín ni mo jẹ́.”

Ẹ mọ ohun tí a gbàgbọ́ nípa ọmọdé tí àgbà bá kúnlẹ̀ fún. Ìyá tí ó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ká ọwọ́ lérí. “Èèwọ̀ ni o. Mọ́mì, ẹ dìde, ẹ má gé ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ kúrú.” Ọ̀gá tuntun na ọwọ́ láti gbé mi dìde, ẹ̀rù sì ń bà á láti fọwọ́ kàn mí.

“Mọ́mì, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?”

“Èmi kì í ṣe ìyá yín níhìn-ín,” ni mo wí láti ilẹ̀. “Ẹ dá àwọn òbí lóhùn.”

N kò dìde àfi ìgbà tí ó yíjú sí wọn, tí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ni òun ti géètì, àti pé òun kò ní tì í mọ́.

Kò dọ̀bálẹ̀ fún mi mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ń tẹrí ba láti òkèèrè, ó sì ń parí ìjà ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àńtí ní ọkàn mi le ju òkúta lọ, pé ẹni tí ń bọ̀wọ̀ fún mi ni mo dójú tì. Mo ní kí ó máa pè mí ní Igbákejì Ọ̀gá. Ó pè mí bẹ́ẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìntì, bí ẹni ń gé egbòogi kíkorò jẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka èyí bí ìtàn aṣẹ́gun. N kò di ọ̀gá. Ọkùnrin náà ti di ẹni ńlá, ó ń gbé Magodo, ó sì ń ránṣẹ́ kí mi nígbà ọdún. Àwọn ọmọ mi ní kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ, pé inú bíbí kò dára fún ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà. Mo gbọ́ wọn. Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan tí ó dùn ún rántí, èyí kò lọ. Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí ẹnìkan nínú wọn wò mí lójú ní ìdúró, láìdọ̀bálẹ̀, láìpè mí ní ìyá, kí ó sì wí pé: a rẹ́ yín jẹ. Kò sí ẹni tí ó wí i. Bí mo bá jókòó sí iwájú ilé mi ní Kétu, tí ọ̀rọ̀ náà bá ru sókè, èmi ni mo máa ń wí i fún ara mi, n kì í sì í rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n rẹ́ mi jẹ.