Ẹ̀wù Okùn Àgbọn Ọmọ Mi

Ọwọ́ mi máa ń yá ju ẹnu mi lọ. Bí bàbá mi ṣe rí nìyẹn, ẹni tó bá sì fẹ́ bá mi jiyàn lórí ọmọ títọ́, kó wá bá mi nílé ní Richmond, l'Amẹ́ríkà níbí. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọwọ́ òsì ló sì ń lò. Láti ìgbà tó ti mọ ṣíbí mú ni mo ti ń na ọwọ́ náà kó lè gbọ́n.

Ìyàwó mi bẹ̀ mí títí. “Ibí kì í ṣe Ìbàdàn o. Ọjọ́ tí tíṣà bá rí àpá lára ọmọ yìí, ìjọba á gbà á lọ́wọ́ wa.” Mo ní kó gbẹ́nu sọ́hùn-ún.

Nígbà tó yá, tíṣà pín orílẹ̀-èdè fún wọn, Kiribati sì bọ́ sí tiwa lọ́wọ́. Kálukú máa sọ̀rọ̀ nípa tiẹ̀ ní kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo ní kí la fẹ́ fi Kiribati ṣe? Nàìjíríà ńkọ́? Ó ní, “Kíríbáàsì ni wọ́n ń pè é, Dádì.” Ẹ gbọ́ ná! Ọmọ tí kò lè pe orúkọ ara rẹ̀ dáadáa ló ń tọ́ mi sọ́nà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Bí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́ ní Baytown, níbi tá a ti ń fọ epo rọ̀bì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń jókòó sí nídìí kọ̀ǹpútà. Erékùṣù pẹlẹbẹ ni wọ́n, òkun yí wọn ká. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Amẹ́ríkà àti Japan pa ara wọn nípakúpa létíkun Tarawa, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù náà. Àwọn ìbọn ńlá náà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ti dípẹtà, àwọn àlejò ń lọ ya fọ́tò nídìí wọn.

Ìjà tiwọn fúnra wọn ló wù mí jù. Eyín ẹja ṣáàkì ni wọ́n ń tò sí ẹ̀gbẹ́ idà igi, ó máa ń ya ẹran ara bí ẹni ya aṣọ. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi okùn àgbọn hun ẹ̀wù láti ọrùn dé ẹsẹ̀, wọ́n á fi irun orí èèyàn ṣe ọnà sí i lára. Awọ ẹja ẹlẹ́gùn-ún ni fìlà. Ẹni tó bá sì pa ẹnìkejì gbọ́dọ̀ fi ilẹ̀ rẹ̀ san án fún ẹbí òkú, torí náà egbò ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ikú. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní àwọn èèyàn yìí gbọ́n o, wọ́n mọ̀ pé nínà yàtọ̀ sí pípa.

Ọmọ mi ra okùn, ó kó irun tí ìyá rẹ̀ fi ń dirun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ẹ̀wù tirẹ̀, ó sì fi páálí ṣe fìlà.

Lọ́sàn-án Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi wá kí wa láti Cinco Ranch. Mo ní kí ọmọ gbé omi wá. Okùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ló bá na ọwọ́ òsì sí ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Mo fa bẹ́líìtì yọ. Irin orí rẹ̀ bà á nígùnpá, ife bọ́, ó fọ́, ọmọ figbe ta. Ẹ̀gbọ́n mi dì mí mú: “Ó tó! Ṣé o fẹ́ pa á ni?” Mo já ara mi gbà, mo tún fi mẹ́ta kún un. Ìyàwó mi sáré bò ó mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn òun náà gba ọ̀kan.

Nígbà tó fi máa di Sọ́ńdè, apá náà ti wú, ó ti dúdú. Lọ́jọ́ kejì ni yóò dúró níwájú tíṣà. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́. Ẹ̀yìn mọ́tò ni ìyàwó mi jókòó sí pẹ̀lú ọmọ nígbà tá à ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ náà ló jókòó sí bọ̀.

Bá a ṣe jẹun tán, ọmọ jáde sí pálọ̀ nínú ẹ̀wù rẹ̀ láti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ dánra wò. Apá ẹ̀wù náà gùn dé ọrùn ọwọ́. Háà, Ọlọ́run ṣé! Kò sẹ́ni tó máa rí nǹkan kan. Èmi ni mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó sọ̀rọ̀ ogun, ó sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí apànìyàn ń san, ó na apá méjèèjì bí ẹyẹ láti fi ijó wọn hàn wá.

Fìlà rẹ̀ wọ́. Mo dìde, mo gbọ́wọ́ sókè kí n bá a tún un ṣe. Kíá, apá òsì ti bo ojú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó wò ó dáadáa. Apá ọ̀tún ẹ̀wù fẹ́lẹ́, ẹyọ okùn kan ni. Ti òsì nípọn, ó wé e lé ara wọn lọ́nà mẹ́ta, gbogbo irun náà ló sì kó síbẹ̀.

“Kí ló dé tí ọwọ́ ibí fi nípọn tó báyìí?”

Ohùn tó fẹ́ fi bá tíṣà sọ̀rọ̀ ló fi dá mi lóhùn. “Ibẹ̀ lẹ máa ń nà, Dádì. Okùn ò tó ìyókù.”

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ìyá rẹ̀.

“Dádì,” ó ní, “tí mo bá ti ṣe é tán ní school lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè máa wọ̀ ọ́ nínú ilé?”

Ọwọ́ mi ṣì wà lókè.